Èyí Tó Ń Dúró De Iná

Tí mo bá rántí yàrá yẹn, igbe UPS ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́. Píì, píì, píì, fún ìṣẹ́jú mẹ́rin péré, lẹ́yìn náà ojú kọ̀ǹpútà á ṣú dùdù. Ọdún 2011 ni, ní Lágere, ní Ilé-Ifẹ̀, lókè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó kọjú sí títì, tí ẹni tó ń ṣe fọ́tókọ́pì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Àwa mẹ́rin la háyà yàrá náà. Ẹ̀gbọ́n kan wà, tó ti jáde ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ọdún mẹ́ta ṣáájú mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ẹ̀gbọ́n ṣáá bí ẹni pé wọn ò sọ ọ́ lórúkọ rí. Àǹtí kan wà tó mọ dátábéèsì ju gbogbo wa lọ. Àbúrò kan wà tó ṣì wà ní Part 4, tó máa ń sáré wá láti inú ọgbà ní kété tí olùkọ́ bá ti ṣẹ́yìn. Èmi ni mo ṣe ìkẹrin. A ní tábìlì mẹ́ta, fáànù kan, àti jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀ sí "I better pass my neighbour", tí a fi ṣéènì so mọ́ òpó lẹ́yìn ilé kí ẹlẹ́sẹ̀ òru má baà gbé e lọ.

Ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù kan nínú ìlú ló gbé iṣẹ́ fún wa. Wọ́n fẹ́ ètò kọ̀ǹpútà tí yóò máa tọ́jú owó tí ọmọ ẹgbẹ́ ń dá lóṣooṣù, ẹ̀yáwó tí wọ́n ń gbà, èlé orí rẹ̀, àti àtẹ̀jíṣẹ́ tí yóò máa wọlé sórí fóònù oníkálukú pé owó rẹ̀ ti dé. Java la fi kọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n ló fi dandan lé e pé a ò gbọdọ̀ kọ ìlà kóòdù kan láìkọ àyẹ̀wò tì í.

Ìdánwò ni mo kọ́kọ́ ń pè é. Àǹtí ló ní kí n yí ahọ́n mi padà. Ó ní ìdánwò máa ń parí: wàá ṣe é, wọ́n á fún ẹ ní máàkì, wàá lọ sílé. Ó ní ohun tí à ń ṣe yìí jọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù, tó ń wọn ìfúnpá aláìsàn láàárọ̀, tó tún ń wọ̀n ọ́n lálẹ́, bí ara onítọ̀hún tilẹ̀ ti yá. Àyẹ̀wò ni. Kóòdù kékeré ni, tó ń bi kóòdù mìíràn léèrè: bí ìyá kan bá yá ₦100,000 fún oṣù mẹ́wàá, tí èlé rẹ̀ jẹ́ ìdá 5 nínú 100, èló ni yóò dá padà? Bí ìdáhùn bá jẹ́ ₦105,000, ìlà kan á yọ tó tutù bí ewé. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìlà náà á pọ́n bí ojú abínú.

Irinṣẹ́ tí a fi ń ṣe é ni JUnit, tí Kent Beck àti Erich Gamma kọ nínú ọkọ̀ òfuurufú lọ́dún 1997, nígbà tí wọ́n ń ti Zurich lọ sí Atlanta. Mo máa ń rántí ọ̀rọ̀ yìí tí mo bá jókòó sínú bọ́ọ̀sì Ifẹ̀ sí Ìbàdàn, tí orúnkún mi kan ìdí ẹni tó wà níwájú, tí mi ò lè ṣí ìwé, ká má tíì sọ laptop.

Àwa kọ́ la kọ́kọ́ kọ irú ètò báyìí ní Ifẹ̀ o. Láti ọdún 1989 ni yunifásítì wa, ilé ìwòsàn ńlá rẹ̀, àti Yunifásítì Kuopio ní Finland ti jọ dáwọ́ lé ètò tí ń tọ́jú àkọsílẹ̀ aláìsàn, èyí tó wá di ohun tí wọ́n ń pè ní MINPHIS. Èdè MUMPS ni wọ́n fi pilẹ̀ rẹ̀, lórí kọ̀ǹpútà tí fóònù ọwọ́ ọmọdé ìsinsìnyí lè fi ṣe ẹlẹ́yà. Nígbà tí àwa wọlé, àwọn kan lára àwọn tó ṣe é ṣì ń kọ́ni. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wa ń sọ pé Èkó nìkan ni wọ́n ti ń kọ sọ́fítíwíà, tí Yábàá sì ti ń fa gbogbo ọmọ ọlọ́pọlọ mọ́ra, Ẹ̀gbọ́n á kàn rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ iná ni kò ṣeé rẹ́rìn-ín sí. Dátábéèsì wa wà lórí kọ̀ǹpútà ńlá kan tí kò ní bátìrì, àfi UPS yẹn. Laptop tiwa a máa gbé bíi wákàtí kan ààbọ̀, tí orí rẹ̀ bá pé. Nígbà tí ọdún 2011 fi ń parí lọ, àyẹ̀wò wa ti di 412, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ sì ń gba ìṣẹ́jú 38. Ẹni tí kò bá gbé Ifẹ̀ nígbà náà lè máa bi mí pé kí ni ìṣẹ́jú 38. Àìmọye ìgbà ni a dé ìṣẹ́jú 31, tí NEPA mú iná lọ, tí UPS bẹ̀rẹ̀ igbe rẹ̀, tí a ń sáré lọ fa okùn jẹnẹrétọ̀, tí okùn já. Orúkọ NEPA ti kú lórí ìwé láti ọdún 2005, wọ́n ti sọ ọ́ di PHCN, ṣùgbọ́n ta ló ń fi PHCN ṣépè? Bí a bá tún bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò náà, láti orí ìkíní ni. Kò sí pé ibi tí a dé lánàá.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ ni pé a ṣíwọ́ ṣíṣe é. Kò sẹ́ni tó kéde rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n á bi wá pé, "Ṣé ẹ ti ṣe àyẹ̀wò?" Àbúrò á ní, "A ti ṣe é sà," èmi á sì wo ilẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ló mú ọ̀rọ̀ ìsọ̀rí wá. Ẹ̀dà JUnit kan, 4.8, ti jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2009, ohun tuntun inú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Categories. Ní ti ọgbọ́n inú rẹ̀, kò le rárá. Wàá dá orúkọ kan sílẹ̀, orúkọ lásán, tí kò ní iṣẹ́ kankan nínú. Wàá wá kọ ọ́ sí orí àyẹ̀wò tó o bá fẹ́, báyìí: @Category, kí orúkọ náà tẹ̀ lé e nínú àkámọ́. Tó bá yá, wàá pàṣẹ pé àwọn tó ní àmì yìí nìkan ni kó jáde, tàbí kí gbogbo ayé jáde àfi àwọn tó ní in. IncludeCategory ni ti àkọ́kọ́, ExcludeCategory ni ti èkejì. Àǹtí ní ìlà ojú ni. Òótọ́ ló sọ, nítorí ìlà kì í ṣe iṣẹ́ kankan lójú ẹni tó kọ ọ́, àwọn tó ń wò ó ló ń ṣiṣẹ́ fún. Àyẹ̀wò kan sì lè ní ìlà bàbá kó tún ní ti ìyá, ìyẹn ni pé ó lè wà nínú ìsọ̀rí méjì. Bí orúkọ kan bá sì jẹ́ ọmọ orúkọ mìíràn, tí wọ́n bá ké sí ilé bàbá, ọmọ á jẹ́.

Ṣáájú ìgbà yẹn, ọwọ́ la fi ń to orúkọ àyẹ̀wò jọ sínú fáìlì kan, tí ẹnì kan bá kọ tuntun tó gbàgbé láti fi kún un, ó di ọmọ tí kò sí nínú ìwé ìdílé. Àwọn mìíràn ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú JUnit o. TestNG tí Cédric Beust gbé jáde ní ọdún 2004 ti ń pín àyẹ̀wò sí ẹgbẹ́ẹgbẹ́, àwọn tó ń lo NUnit náà sì ní tiwọn. JUnit kàn fara balẹ̀ dé ni. Kódà nígbà tó dé, inú àpò tí wọ́n kọ "experimental" sí lára ni wọ́n kó o sí, ibẹ̀ náà ló wà títí JUnit 4 fi darúgbó.

Kí ẹ̀dà tuntun náà tó dé ọwọ́ wa, ìrìn àjò ni. Maven ló ń fà á wálẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, Maven kì í sì í fa ohun kan ṣoṣo. Tó o bá ní kó lọ ra iyọ̀, á ra gbogbo ọjà bọ̀. Káàdì ìpè ₦1,500 tán sídìí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹnì kan ṣoṣo ló ń fa nǹkan wálẹ̀, àwa tó kù á fi fláàṣì kó fódà .m2 rẹ̀ sórí ẹ̀rọ tiwa.

A pín àyẹ̀wò sí méjì: YARA àti LORA. A fẹ́ fi àmì ohùn sí i, kó jẹ́ Lọ́ra gidi, Java fúnra rẹ̀ kò sì kọ̀, ó gbà kí èèyàn fi ọ̀ àti ẹ́ sọ kóòdù lórúkọ. Windows tiwa ni kò gbà. Á ní òun ò mọ irú lẹ́tà yìí rí. Bẹ́ẹ̀ la ṣe fi ìhòòhò kọ ọ́. Àyẹ̀wò 355 bọ́ sí YARA, kò gba ìṣẹ́jú kan. 57 tó kù bọ́ sí LORA, àwọn ló ń jẹ gbogbo ìyókù ìṣẹ́jú náà. Inú wa dùn. A ń ṣe YARA ní gbogbo ìgbà, lórí bátìrì, nínú òkùnkùn pàápàá. LORA, a ó máa ṣe é nígbà tí iná bá wà. Ohun tí a sọ nìyẹn.

Ní ọjọ́ kìíní ọdún 2012, ìjọba kéde pé òun ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Bẹntiróò tí à ń ra lítà rẹ̀ ní ₦65 di ₦141, níbi tí a bá ti rí i rà. Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án oṣù náà, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ gùn lé ìyanṣẹ́lódì, gbogbo orílẹ̀-èdè sì tì pa fún ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n tó bọ̀ sórí ₦97. ₦97 náà kò ṣe fún wa. A wo jẹnẹrétọ̀, jẹnẹrétọ̀ wò wá. Ìlà YARA ń yọ tútù lójoojúmọ́, a sì ń tìtorí rẹ̀ sùn dáadáa.

Nínú oṣù yẹn ni Àbúrò tún ibì kan ṣe nínú kóòdù ẹ̀yáwó. Ìlànà ẹgbẹ́ ni pé ẹni tó bá tètè san gbèsè tán, kò ní san èlé oṣù tí kò lò. Ẹni tó yá ₦100,000, tí èlé rẹ̀ jẹ́ ₦500 lóṣù, tó bá fi oṣù mẹ́sàn-án san án tán dípò mẹ́wàá, ₦500 á padà sí ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ Àbúrò ṣì, ₦500 yẹn ò padà sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni mọ́. Àyẹ̀wò kan wà tó ń bèèrè èyí gan-an. LORA ló wà.

Ìpàdé ẹgbẹ́ ti oṣù Kejì la ti gbọ́. Wọ́n ní ká wá, kí á wá fi iṣẹ́ wa han ọmọ ẹgbẹ́. A ti tẹ ìwé ìṣirò oníkálukú jáde, ó dán, ó ní ìlà àwọ̀ búlúù. Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ dìde pẹ̀lú káàdì tiwọn, èyí tí wọ́n fi bírò sàmì sí fúnra wọn.

"Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ kú iṣẹ́ o. Oṣù kẹsàn-án ni mo san án tán. ₦500 mi dà?"

Ẹnì kan láàárín àwọn alákòóso ní, "Mọ́mì, kọ̀ǹpútà ló ṣe é, kọ̀ǹpútà kì í ṣàṣìṣe."

"Ṣé kọ̀ǹpútà ló yá mi lówó ni?"

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín, mo ti mọ ibi tó ti wá. Nígbà tí a délé, a fi epo tí a tọrọ tan jẹnẹrétọ̀, a ṣe LORA. Pupa ni. Ó ti pọ́n láti bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún, kò kàn sẹ́ni tó bi í ni. Ọmọ ẹgbẹ́ méjìlá ló kàn, ₦6,000. Àpò ara wa la ti san án.

Ariwo tí Ẹ̀gbọ́n pa lọ́jọ́ náà ló mú bàbá onílé gòkè wá. Ẹni tó bá ń kà á pé Ifẹ̀ ni ìtàn yìí ti ṣẹlẹ̀ lè ti máa retí láti ìgbà yìí pé kí n mú odù Ifá àti ojúbọ Òkè-Ìtasẹ̀ wọ̀ ọ́. Rárá o, kòkó ló là wá lójú. Nígbà tí Bàbá wà lọ́dọ̀ọ́, ìjọba ló gbà wọ́n síṣẹ́ láti máa yẹ kòkó wò kí ó tó lọ sí èbúté, láyé Western Region. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kékeré wọn ṣì wà lórí tẹlifíṣọ̀n nínú pálọ̀.

"Ẹ káàsán sà," àwa tó kù dọ̀bálẹ̀, Àǹtí kúnlẹ̀.

"Kí ló ń ṣe yín tí ẹ ń gbó ara yín bí ajá?"

Ẹ̀gbọ́n ṣàlàyé. Kò rọrùn láti ṣàlàyé àyẹ̀wò kóòdù fún ẹni tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, èrò mi nìyẹn, àṣé àwa ni ọmọ ilé ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Bàbá ní àwọn mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní bí àgbẹ̀ bá kó kòkó dé, ẹ ò lè gé gbogbo rẹ̀ wò. Ẹ ó bù láti inú àpò yìí, ẹ ó bù láti inú tọ̀hún, ẹ ó ka 300 èso, ẹ ó fi ọ̀bẹ la ọ̀kọ̀ọ̀kan ní gbọọrọ, ẹ ó tò wọ́n. Èyí tó bu lọ́tọ̀. Èyí tí wọn ò bò pẹ́ tó, tí inú rẹ̀ ṣì rí bíi síléètì, lọ́tọ̀. Èyí tí kòkòrò jẹ, èyí tó ti hù, èyí tó pẹlẹbẹ, lọ́tọ̀. Tí èyí tó bu bá lé ní mẹ́sàn-án nínú 300 yẹn, ìyẹn ìdá 3 nínú 100, kì í ṣe gíréèdì kìíní mọ́, àgbẹ̀ ìbáà sunkún ẹ̀jẹ̀.

Wọ́n wá bi wá pé, "Ẹ̀yin, kí lẹ fi pín tiyín?"

"Èyí tó yára, èyí tó lọ́ra, sà."

"Kí ló ń mú èyí tó lọ́ra lọ́ra?"

A wo ara wa. Àbúrò ní, "Ó kàn máa ń pẹ́ ni sà."

Bàbá ní, "N ò fi bí kòkó ṣe pẹ́ lọ́wọ́ mi tó pín kòkó rí. Ohun tó ṣe é ni mo fi ń pín in." Wọ́n ní ká má gbàgbé owó ilé oṣù náà, wọ́n sọ̀ kalẹ̀.

Mo ti ka ìwé lórí iṣẹ́ yìí láti ìgbà náà, kò sí èyí tó wọ̀ mí lára bí ọ̀rọ̀ yẹn. Lóru ọjọ́ kan náà, a mú àyẹ̀wò 57 inú LORA lọ́kọ̀ọ̀kan, a bi í pé kí lo nílò kó o tó lè ṣiṣẹ́? Ìdáhùn bà wá lórúkọ jẹ́. 34 nínú wọn ò nílò ohunkóhun. Ìṣirò lásán ni wọ́n ń ṣe, àyọkúrò àti ìlọ́po, ṣùgbọ́n nítorí ọ̀lẹ, a ti kọ wọ́n kó kọ́kọ́ rọ 300 ọmọ ẹgbẹ́ èké sínú dátábéèsì kó tó bèèrè ìbéèrè kan ṣoṣo. Àyẹ̀wò ₦500 Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ wà lára wọn. 17 nílò dátábéèsì lóòótọ́. Mẹ́fà tó kù ni àwọn tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́.

Àwọn mẹ́fà wọ̀nyí ní ìtàn tiwọn. A so módẹ́ẹ̀mù GSM kan mọ́ kọ̀ǹpútà, síìmù sì wà nínú rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2011, kí a tó pín nǹkan kan rárá, Àbúrò rí iná láago kan òru, ó ní kí òun fi gbogbo àyẹ̀wò ṣe sàráà. Nọ́ńbà tí a kọ sínú àyẹ̀wò náà jẹ́ nọ́ńbà akápò ẹgbẹ́ gidi, nítorí òun nìkan la mọ̀ lórí lọ́jọ́ tí à ń kọ ọ́. Ìgbà mẹ́rìnlá ni fóònù bàbá náà dún lórí bẹ́ẹ̀dì: ẹ kú oríire, ẹ ti san ẹ̀yáwó yín tán. Bó ti ń ṣe é ló ń dúró, tí iná ń lọ, tó tún ń bẹ̀rẹ̀ látorí. Ìyàwó wọn ló mú fóònù náà. Ẹ̀yáwó wo? Láti ìgbà wo? Ó gba Ẹ̀gbọ́n ní odidi Sátidé kan kó tó parí ìjà tọkọtaya náà.

Bí a ṣe pa YARA àti LORA rẹ́ nìyẹn. A kọ 34 yẹn tuntun, wọ́n bọ́ dátábéèsì sílẹ̀, wọ́n dara pọ̀ mọ́ àwọn tó kù, àyẹ̀wò 389 wá ń ṣiṣẹ́ lórí bátìrì laptop, láìní àmì kankan lórí. Ẹni tí kò nílò ohunkóhun, kí la fẹ́ fi sàmì sí i? 17 di DuroDeIna. Mẹ́fà di ANawo, nítorí àtẹ̀jíṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń jẹ owó lórí síìmù, a sì ti fi nọ́ńbà ara wa rọ́pò ti akápò. Ìgbà tí mo wo orúkọ méjèèjì lórí ojú kọ̀ǹpútà, mo rí i pé wọ́n ń sọ ohun tí LORA ò lè sọ láéláé. LORA ń sọ pé fi mí sílẹ̀. DuroDeIna ń sọ pé nígbà tí iná bá dé, má gbàgbé mi.

Mo wá rí i lẹ́yìn ọdún díẹ̀ pé àwọn àgbà inú iṣẹ́ náà ti sọ nǹkan tó fara pẹ́ ẹ. Ní ọdún 2005, Michael Feathers kọ ọ́ sílẹ̀ pé àyẹ̀wò tó bá ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀, tó ń kọjá lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tó ń fọwọ́ kan fáìlì, tí kò lè bá àyẹ̀wò mìíràn ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí tó nílò kí èèyàn kọ́kọ́ tún àyíká ṣe fún un, kì í ṣe unit test mọ́, bó ti wù kó wúlò tó. Ní Google, ìwọ̀n ni wọ́n ń lò, kékeré, àárín, ńlá, ohun tí wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n ni ohun tí wọ́n gbà kí àyẹ̀wò náà fọwọ́ kàn. Wọ́n mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n mi ò rò pé ẹnikẹ́ni nínú wọn ní bàbá onílé tó ń bèèrè owó ilé lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́.

Ohun tó kù ni ìwé. Ẹ̀gbọ́n ra ìwé "Higher Education" kan, ó fi ìṣó kàn án mọ́ ògiri, ó fi okùn so bírò mọ́ ọn. Ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀: ọjọ́ tí a ṣe é kẹ́yìn, ẹni tó ṣe é, àwọ̀ tó yọ. Bí ìsọ̀rí kan bá pé ọjọ́ méje láìṣe é, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbé kóòdù tuntun lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù, iná ìbáà wà, kó má wà. A bínú sí òfin yìí gan-an. Ó láwọn òru tí mo sùn sórí tábìlì kí n lè gbọ́ igbe "Up NEPA!" láti àdúgbò, kí n tẹ bọ́tìnnì, kí n padà sùn. Àwọn mẹ́fà tó ń náwó, ọjọ́ Ẹtì ni tiwọn, káàdì ₦100 kan la sì máa ń rà fún wọn. Bí owó káàdì ò bá sí, a ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé owó káàdì ò sí. Kíkọ ọ́ yẹn nìkan ti yàtọ̀. Lórí kọ̀ǹpútà, àyẹ̀wò tí a yọ sílẹ̀ kì í pariwo, ìlà tútù náà ló máa ń yọ, bí ẹni pé kò sí níbẹ̀ rí.

A tú ká ní ọdún 2013. Ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje, Àbúrò lọ sílé, kò padà síbi iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n gba Yábàá lọ, tó ti ń bú Yábàá láti ọjọ́ yìí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún náà, ìjọba fa iṣẹ́ iná lé àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́, ti ìhà ọ̀dọ̀ wa bọ́ sọ́wọ́ ti Ìbàdàn, àwọn ọmọdé Lágere sì ń pariwo "Up NEPA!" lọ ní tiwọn.

Ìlú òkèèrè ni mo wà báyìí, níbi tí iná kì í lọ. JUnit 5 ti dé láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, ó ti sọ Category di Tag, orúkọ rẹ̀ ò sì jẹ́ nǹkan tí a ń dá sílẹ̀ nínú Java mọ́, ọ̀rọ̀ lásán nínú àmì àyọlò ni. Gbogbo èèyàn ní ó rọrùn. Èmi ò fi bẹ́ẹ̀ fara mọ́ ọn. Nígbà tiwa, bí o bá ṣi DuroDeIna kọ, Java á kọ̀ jálẹ̀. Nísinsìnyí, wàá ṣi lẹ́tà kan kọ, àyẹ̀wò rẹ á bọ́ sínú ìsọ̀rí tí kò sẹ́ni tó ń pè. Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mo ti ka tag tó lé ní ogójì. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní "slow". Mo bèèrè ìgbà tí wọ́n ṣe é kẹ́yìn. Ọmọkùnrin tó jókòó tì mí wojú mi bí ẹni pé mo bi í ní ọjọ́ orí ìyá rẹ̀.

Àǹtí ló kó ìwé ara ògiri náà lọ nígbà tí a ń kó jáde. Lọ́dún tó kọjá, ó ya ojú ewé tó kẹ́yìn, ó fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Bàbá onílé ti sinmi, wọ́n ti ń ṣe POS nínú yàrá wa. Ìkọ̀wé Àbúrò ló wà nísàlẹ̀ ojú ewé náà, ó tẹ̀ bí igi tí ìjì bì, bí ìgbà tí èèyàn ń fi iná tọ́ọ̀ṣì kọ̀wé: "DuroDeIna. Iná dé 2:10 òru. Iná lọ 2:31. Ó ku mẹ́sàn-án."